Òkúta Tó Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń ti àga onítáyà Baba Halloran
gba ọ̀nà oníyanrìn létí odò Miramichi
lọ síbi àwókù ṣọ́ọ̀ṣì tí kò lórùlé mọ́.
Yìnyín ti jẹ ẹnu fèrèsé rẹ̀
bí eku ṣe ń jẹ etí ìwé.

"Rọra," ni Baba wí. "Pẹpẹ lò ń tẹ̀ yẹn."
Mo ní ẹ máà bínú. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí koríko.

Nínú ògiri apá ọ̀tún, òkúta kan wà
tí kò jọ àwọn ará yòókù:
ó dúdú, wọ́n gbẹ́ ojú ènìyàn sí i lára,
òjò ẹgbẹ̀rin ọdún ti fọ imú rẹ̀ tán,
ẹnu nìkan ló kù, ó là díẹ̀
bí ẹni tó fẹ́ bèèrè omi.

Ìtàn tí Baba ń sọ kò ní ìtẹ̀léra;
ọpọlọ rẹ̀ ń ṣí, ó ń tì,
bí ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń dà láàmú.
Ó ní àwọn mọ́ńkì ló kọ́ ti àkọ́kọ́, ní Ayálándì,
lórí òkè tí màlúù kì í fẹ́ gùn.
Ó ní àwọn ọmọ ogun dáná sun ún.
(Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.
Ti àlùfáà ńkọ́?)
Ó ní ewúrẹ́. Ó dákẹ́.
Ó ní lẹ́yìn ewúrẹ́, àwọn ènìyàn tún padà wá,
wọ́n ń gbàdúrà nínú òjò,
ọmọdé kan á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa ṣọ́ sójà.
Nígbà tí ọ̀dùnkún wá jẹrà sínú ilẹ̀,
Honora, ìyá ìyá ìyá bàbá rẹ̀,
fi ìborùn di òkúta yìí, ó gbé e wọ ọkọ̀.
Ọmọ mẹ́rin ló bá a wọlé. Méjì ló bá a sọ̀ kalẹ̀.
Òkúta náà sọ̀.

Èmi náà gbé nǹkan wọ bàlúù:
kọ́kọ́rọ́ ilé bàbá mi ní Ìgbájọ,
ilé tí wọ́n ti wó nítorí títì.
Kọ́kọ́rọ́ ò nílẹ̀kùn mọ́. N kò lè jù ú nù.
Mo yọ ọ́ nínú àpò ẹ̀wù òtútù mi, mo fi han Baba.

Ó wò ó títí.
Ó ní kí n ti òun sún mọ́ ògiri.
Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí ẹnu òkúta tó là,
ó yí i, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.
Nǹkan kan ò ṣí.
Ó bú sẹ́rìn-ín: "Wọn ò sí nílé."

Ó dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Mo yí àga padà kí òtútù tó mú un lẹ́sẹ̀.