Agolo Òróró Mẹ́tàdínlógún

Ẹsẹ̀ yọ̀ ọ́ lórí àtẹ̀gùn, egungun ìbàdí ṣẹ́,
wọ́n gbé Efantía lọ sí ọsibítù ní Lárísà.
Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ní, "Sitamáti,
má jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ àwọn ọmọ mi."
Ọmọ wo? Ọmọ wa kan ṣoṣo ń bẹ ní Jámánì,
ó sanra, ó ń mu bíà.
Agolo òróró ólífì mẹ́tàdínlógún ló ń sọ,
èyí tó fi ẹfun kùn, tó tò sídìí ògiri àgbàlá,
tí jẹ́ráníọ̀mù ń ti inú wọn rẹ́rìn-ín.

Èmi? Ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́rin ni mo fi wa ọkọ̀ ojú irin.
Irin ni mo mọ̀. Irin kì í béèrè omi.

Oòrùn Tésálì kì í ṣe eré.
Bó bá di aago mọ́kànlá, ajá Tódórò kò lè gbó mọ́,
ó kàn ń la ẹnu bí ẹni tó ń ka lẹ́tà láìpariwo.
Òkúta àgbàlá gbóná débi pé alángbá ń pààrọ̀ ẹsẹ̀.
Bugenfílíà nìkan ló ń jó nínú iná yẹn
bí ẹni tí kò jẹ gbèsè.

Efantía ń pè láti orí bẹ́ẹ̀dì, àárọ̀ kan, alẹ́ kan.
Kì í béèrè mi.
"Jasimíìnì ńkọ́?" "Ó wà."
"Ó wà báwo?" "Ó funfun."
"Mo mọ̀ pé ó funfun. Ṣé ó ń ta sánsán?
Efinrin ńkọ́? Ṣé o ti rẹ́ orí ẹ̀?
Bí o bá jẹ́ kó yọ òdòdó, ó ti darúgbó nìyẹn."
Mo wo irun orí mi nínú gíláàsì fèrèsé. Mo dákẹ́.

Mo gbìyànjú o.
Aago márùn-ún ni mò ń jí, kí oòrùn tó bọ́jú,
mò ń rọra bu omi sí ìdí agolo kọ̀ọ̀kan
títí erùpẹ̀ á fi mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.
Mo kọ́ pé ìka ló ń mọ òùngbẹ, ojú kì í mọ̀ ọ́n:
ki ìka bọlẹ̀ dé oríkèé kejì kí o tó gbé kẹ́tùlù.
Mo kọ́ pé òdòdó tó rọ, bí o kò bá já a,
kò ní jẹ́ kí ti ọ̀la yọ.
Tódórò ló kọ́ mi, láti orí ògiri, sìgá lẹ́nu,
òun tí kò gbin nǹkan kan rí ju àlùbọ́sà lọ.

Ọjọ́ kan wá wà. Ooru di mẹ́tàlélógójì.
Mo rí gadéníà lọ́sàn-án gangan, ó dorí kodò.
Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo da odidi korobá lé e lórí.
Kí ilẹ̀ tó ṣú, ewé ẹ̀ ti dúdú bí ìwé tí iná lá.
Lálẹ́: "Gadéníà ńkọ́?"
"Ó… ó ń sinmi."
Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni gadéníà fi sinmi lẹ́nu mi.

Àná ló padà dé, lórí ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin.
Kò wọlé. Àárín àwọn agolo ló gbà lọ,
ó ń fọwọ́ kan ewé bí tíṣà tó ń pe orúkọ ní kíláàsì.
Mo ti gbé gadéníà pamọ́ sẹ́yìn àgbá omi.
Ẹ̀yìn àgbá ló kọjú sí.
Ó fi èékánná ha ẹ̀ka ẹ̀:
lábẹ́ èèpo, àwọ̀ ewé tútù,
tín-ín-rín bí òwú abẹ́rẹ́.

"Ọ̀sán lo bomi lé e."
"Ọ̀sán ni."
"Lórí ewé."
"Lórí ewé."

Ó jókòó, ó ní kí n lọ gbé kẹ́tùlù wá.
Ilẹ̀ ń ṣú, jasimíìnì ti ń ta sánsán,
mò ń ti ìdí agolo kan bọ́ sí òmíràn, ó ń nawọ́:
"Ìyẹn. Rárá, ìyẹn. Díẹ̀ sí i. Ó tó."