Àkọlé Tí Kò Lámì Ohùn

Ẹ̀gbọ́n mi Fàlọ́dún kú tán,
wọ́n pín ẹ̀wù rẹ̀, wọ́n pín bàtà,
ẹni tó gba kẹ̀kẹ́ gba kẹ̀kẹ́.
Èmi ni wọ́n gbé páálí fún:
wáyà lílọ́, awò ojú tó ti sán,
àti kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ kan, dúdú,
èyí tó fi ń kọ ìwọ̀n kòkó sílẹ̀
nígbà tó ń ká àwọn abúlé Èfọ̀n kiri.

Ó wúwo bí ọṣẹ tí omi kò tíì kàn.
Ojú rẹ̀ kò ju páálí ìṣáná méjì lọ.

Mo gbé e lọ bá Ṣèyífúnmi.
Ó rẹ́rìn-ín: "Bọ̀ọ̀dá, èyí dàgbà jù mí lọ."
Síbẹ̀ ó tú u. Ó yọ bátìrì tó ti wú bí àkàrà,
ó fi ti tọ́ọ̀ṣì kan rọ́pò rẹ̀,
ó jó òjé mọ́ ọn.
Ẹ̀rọ náà ké pín-ín, bí ọmọ eku.
Ó ní ká fi kálámù tẹ àmì àgbélébùú tó wà ní igun.
Kálámù ti sọnù. Ta ló mọ ọdún tó sọnù?
Mo já ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, mo fi tẹ̀ ẹ́. Ó gbà.

Nínú káàdì rẹ̀, fáìlì mẹ́ta.
Méjì jẹ́ ìṣirò. Ìkẹta jẹ́ fídíò,
orúkọ rẹ̀ a máa jẹ́ "iya".
Ẹ̀rọ ayé ìgbà náà kò mọ àmì ohùn,
kò mọ òkè, kò mọ ìsàlẹ̀.
"Ìyà," ni Ṣèyífúnmi kà. "Ta ló ń ya ìyà ní fídíò?"
Mi ò dá a lóhùn.
Mo rántí ọdún tí Fàlọ́dún kò gba owó oṣù,
mo rántí ilé ìwòsàn. Ó lè jẹ́ ìyà lóòótọ́.

Ojú ẹ̀rọ náà kò ní iná tirẹ̀;
oòrùn ló gbọ́dọ̀ bá ọ wò ó.
Ọyẹ́ sì mú. Ìkùukùu jókòó sórí òkè
bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ.
A dúró di aago mọ́kànlá,
èmi àti Àrìnọlá ọmọ mi, lẹ́nu ọ̀nà,
a forí korí, torí ẹni méjì péré ni àyè rẹ̀ gbà.

Mo fi ìgbálẹ̀ kàn án.

Igun mẹ́rin kéékèèké, eérú àti dúdú,
bí ìgbà tí èèrà ń ṣí lọ.
Lẹ́yìn náà, ọwọ́. Ọ̀bẹ. Iṣu.
Ìyá wa ń be iṣu lẹ́yìn ààrò
(ìyá, kì í ṣe ìyà),
ohùn rẹ̀ ń wọ́ tẹ̀lé ètè rẹ̀
bí ọmọdé tí kò fẹ́ relé ìwé.
Ó gbójú sókè. "Fàlọ́dún, kí lò ń tọ́jú sínú nǹkan yẹn?
Ṣé gbèsè mi lò ń ṣírò ni?"
Ẹ̀rín. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi gbọ̀n, ilé gbọ̀n, òkè gbọ̀n.
"Gbé e sílẹ̀ jàre, ká wọ ulé."

Ulé ló wí. Kò sọ pé ilé.
Ẹ̀rọ tí kò lè kọ àmì ohùn kan ṣoṣo
gbé ulé pa mọ́ fún ogún ọdún, kò tún un ṣe.
Ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlélógójì. Ó tán.

Lálẹ́, Àrìnọlá gbé e sórí fóònù ńlá rẹ̀.
Ó fẹ́ kí màmá àgbà tóbi. Ó fà á, ó fà á,
ojú ìyá mi túká di bíríkì,
a kò rí imú, a kò rí ọ̀bẹ.
"Ẹ jẹ́ ká dá wọn padà síbi tí wọ́n ti kéré," ọmọ náà wí.

Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kì í pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, kò jù bẹ́ẹ̀.
Ẹyọ ìgbálẹ̀ ti wà nínú ihò kálámù; ó bá a mu rẹ́gí.
Mi ò tíì yí orúkọ fáìlì náà padà.
Láàárọ̀ a máa ń wo òkè. Bí ìkùukùu bá ṣí,
ọmọ á pè mí: "Bàbá, oòrùn ti dé o."