Ojú Tí Ṣówándé Rà
Ẹgbẹ̀ẹ́dógún náírà ni Ṣówándé kà sílẹ̀ l'Ókè-Mosàn,
ọwọ́ dúdú fún táyà tó ń lẹ̀ ní Láfẹ́nwá.
"Akọ̀wé, kí lẹ ó fi ṣe?"
Mo ní ìjọba fẹ́ gbé ojú kan kọ́ sí òfuurufú.
Ó rẹ́rìn-ín: "Kó máa wo ebi wa?"

Iléeṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta lọ́nà Àyẹ̀tòrò rán lọ́ọ́yà;
òórùn lọ́fínńdà ṣáájú rẹ̀ wọlé.
"A ò jèrè. Kòtò wa ò ju kànga lọ."
Mo lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn.

Ìyá ìyá mi bá wọn kọ owó-orí nílùú yìí;
èmi ni mò ń gbà á.

Nígbà tó yá, àwòrán dé láti òkè:
odò Ògùn rí bí okùn ṣòkòtò,
Olúmọ ò ju èkùrọ́ lọ,
ihò kan sì yanu lọ́nà Àyẹ̀tòrò,
Olúmọ mẹ́ta á wọ̀ ọ́, àyè á kù.

Mo fi han Ṣówándé. Kò rẹ́rìn-ín.
"Èmi ni mo ra ojú yìí," ó ní.

Fáìlì wọn ṣì wà lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi.