Ojú Ìwọ̀

Láti ìgbà òtútù tó kọjá ni Murdina ò ti ríran dáadáa mọ́.
Ó ní kí n wá jókòó síbi fèrèsé
níbi tí ìmọ́lẹ̀ Halkirk ti ń wọlé, ó ṣàn bí wàrà tí wọ́n bomi là.
"Ojú ìwọ ni mo fẹ́ yá lónìí," ó ní,
"fún ojú ìwọ̀."

Mo mú èyí tó gbójú sókè.
"Fún eṣinṣin wo?"
Mo dákẹ́.
Ẹni tó yan ojú kó tó mọ ohun tó fẹ́ so mọ́ ọn,
ẹja ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Agbójúsókè, fún èyí tó kéré bí èékánná ọmọdé:
ẹnu ìwọ̀ kò gbọdọ̀ há,
kí ojú má dí ẹnu lọ́nà.
Èyí tó dojú kọlẹ̀ bí ọmọ tó fọ́ àwo,
tí o bá fa okùn, ṣóńṣó rẹ̀ á wá ẹran lọ.
Èyí tó ń wò ọ́ lọ́ọ̀ọ́kán,
ó ní òun ò gbà á gbọ́.
Kò sọ ìdí.
(Òun ni Sinclair ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn. Èmi náà ò bi í.)

"Fi èékánná họ ibi tí wáyà ti pàdé."
Kò pàdé. Àlàfo kan wà níbẹ̀, tínrín bí irun,
ó tó gé okùn, ó tó gé ọdún kan láyé apẹja.
Ó ju odindi páálí náà sínú agolo bisikíìtì.
Owó ni o. Mo wò ó, mo mí kanlẹ̀.

Nísàlẹ̀ àpótí, ìwọ̀ bàbá rẹ̀, nínú bébà tó ti pọ́n:
wọn ò lójú rárá.
Ìdin sílíìkì ni wọ́n fi ń ṣe ojú fún wọn láyé ìgbà yẹn,
wọ́n á rẹ fọ́nrán rẹ̀ sínú omi, wọ́n á ká a, wọ́n á dì í.
Ní oṣù kẹrin ọdún kan, ojú náà yọ,
sálímọ́ọ̀nù gbé e lọ sí òkun.
"Bàbá mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di Sọ́ńdè."
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Ó mú ọ̀kan nínú àwọn afọ́jú náà,
ó bọ́ awò rẹ̀ sílẹ̀,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ojú fún un.
Mi ò rí ibi tí òwú ti wọlé.

"Ṣé òjò ti dá?"
Kò tíì dá.
"Omi á kún lọ́la, á dúdú.
Da àwọn kékeré yẹn padà. Mú èyí tó tóbi."
Mo tún àpótí ṣí.