Iyọ̀ Evaristo Lizárraga

Ọmọdé afunfèrè ni mí lọ́dún tí a gun òkè náà.
Òtútù ń bù wá jẹ bí ajá tí ebi ń pa.
Lizárraga kò tíì di ọ̀gágun;
ọmọ darandaran ni, kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀.

Ìbaaka kú tán. A tú ìgbànú awọ, a sè é jẹ.
Lálẹ́ ọjọ́ kẹta ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ ṣú,
ni Benigno Choque bá tú aṣọ ìnujú rẹ̀:
òkúta iyọ̀ kan, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.
Ó ní, "Lá a."
Ó lá a.

Lizárraga yè. Benigno kò sọ̀kalẹ̀ mọ́.
A kó òkúta bò ó; mo fun fèrè,
irin rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ mi létè, ó bó o.

Ogun parí. Àwọn ará Sípéènì wọkọ̀ ojú omi lọ.
Wọ́n rán wúrà mọ́ Lizárraga léjìká.
Ẹni ogójì ọdún ló kọ́ ìwé,
tòun ti ahọ́n níta, bí ọmọ ilé-ìwé.
Àwọn onílẹ̀ dìbò fún un. Nílé ìgbìmọ̀,
bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, a gbá gìgísẹ̀ pọ̀ gbà!
Àwọn agbẹjọ́rò a fi fìlà bo ẹ̀rín.

Ìlú jẹ gbèsè. Wọ́n ní kí á bu owó orí lé iyọ̀.
Ó fọwọ́ sí i. Èmi ni mo di ìgò tàdáwà mú.
Ó fẹ́ atẹ́gùn sí orúkọ rẹ̀ kó lè gbẹ,
inú rẹ̀ dùn pé lẹ́tà náà gún.

Casimira, opó Benigno, fẹsẹ̀ rin ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Kò pariwo. Kò kúnlẹ̀.
Ó tú aṣọ ìnujú, ó gbé òkúta iyọ̀ sórí tábìlì:
"Mi ò tíì san owó orí èyí.
Kọ orúkọ mi sílẹ̀.
Wọ́n ní o ti mọ̀wé báyìí."

Lọ́jọ́ kejì ó dìde nílé ìgbìmọ̀,
ó ní kí wọ́n fa òfin náà ya.
Ẹnìkan bi í bóyá ibà ń ṣe é.
Wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ afárá.

Títí ó fi kú, kò fi iyọ̀ kan ẹnu mọ́.
Alásè rò pé dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀.
Èmi ni mo ń gbé àwo wọlé,
èmi náà ni mo ń jẹ àjẹkù.
Ọbẹ̀ náà tẹ́.
Mi ò sọ pé ọkùnrin náà tẹ́.