Pẹ́ẹ̀gì Méjìlá

Àjà keje ni mò ń gbé, ní Tbilisi,
níbi tí ẹ̀rọ agbéniròkè ti ń gba owó ẹyọ kó tó gbéra.
Tsiala wà lókè mi.
Ìwé ìlò ẹ̀rọ ni ó ń túmọ̀ jẹun,
láti èdè Jámánì sí èdè Jọ́jíà.
Kò sí ọ̀gá tí ń pe orúkọ rẹ̀ láàárọ̀:
òun ni ọ̀gá, òun ni ọmọọṣẹ́,
ọ̀gá náà sì ń sùn di agogo mẹ́wàá.

Tábìlì rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án.
Nọ́ńbà fóònù láìsí orúkọ, lẹ́yìn páálí oògùn.
Rìsíìtì iná lábẹ́ ife tíì, ife tíì lórí ìwé owó-orí,
àti àdéhùn kan tí wáìnì pupa
ti buwọ́ lù ṣáájú ẹnikẹ́ni.
Ọjọ́ Ẹtì kan ṣoṣo, ó ṣèlérí rẹ̀ fún ènìyàn mẹ́ta.
Ó ń fi òní dónìí, ó ń fi ọ̀la dọ́la;
lóru mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àjà mi,
gbì, gbì, gbì,
bí ẹni tó ń wá fìlà tó wà lórí ara rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan Gela pè é láti Kutaisi,
Gela tí ń ta ẹ̀rọ ìfọṣọ:
"Ìwé tí o fi ránṣẹ́ dùn ún kà, Tsiala,
ṣùgbọ́n ti fíríìjì ni.
Ìyá àgbà kan wà níwájú mi báyìí
tó ń wá ibi tí wọ́n ń kó ẹyin sí."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀.
Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ó pẹ́.

Ó sọ fún mi nígbà tó yá pé ojú kọ̀ǹpútà ni òun tẹjú mọ́,
ibi gbólóhùn tí òun ti túmọ̀ nígbà igba:
Kí o tó bẹ̀rẹ̀, tẹ́ aṣọ mímọ́ sílẹ̀.
Kó gbogbo ẹ̀yà sí i. Kà wọ́n.
Bí ọ̀kan bá dín, má tẹ̀síwájú.
Igba ìgbà! Ó kọ ọ́ fún gbogbo Jọ́jíà,
kò kọ ọ́ fún Tsiala.

Ó wá kanlẹ̀kùn mi, irun wúruwùru:
"Lamara, yá mi ní pẹ́ẹ̀gì aṣọ."
Mo yá a ní méjìlá, mo sì tẹ̀ lé e, n kò lè mú ara dúró.
Ó ti tẹ́ aṣọ ibùsùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná,
ó ń da ayé rẹ̀ sí i:
ogójì lárì láti inú àpò kóòtù ọ̀tútù,
iṣẹ́ kan tí ó ti ṣe tán tí kò fi ránṣẹ́,
ilé iṣẹ́ áyọ́ọ̀nù kan ní Batumi
tó jẹ ẹ́ lówó láti ìgbà tí álímọ́ńdì ti tanná,
tí òun náà kò sì rántí béèrè.
Ọ̀rọ̀ mà pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀ o.
Gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́, ó fi pẹ́ẹ̀gì so wọ́n kọ́
sórí okùn tó gba òkè àdògán kọjá;
gbèsè ń fì dirodiro bí ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé.

Láti ọjọ́ náà, ìwé ìṣirò ọmọ iléèwé kan
ni ó ń kọ́kọ́ ṣí kó tó ṣí lẹ́tà ẹnikẹ́ni:
kí ni mo jẹ? ta ló jẹ mí?
Iná mànàmáná lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìwé náà kò lọ.
N kò sọ pé ó di áńgẹ́lì.
Ife tíì ṣì ń bẹ lórí owó-orí.
Ṣùgbọ́n bí agogo mọ́kànlá alẹ́ bá lù, àjà mi á dákẹ́.

Batumi sanwó kí yìnyín tó dé.
Ó kó pẹ́ẹ̀gì mi wá nínú ike wàrà.
Mọ́kànlá. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.
Ìkejìlá ṣì wà lórí okùn,
ó di lẹ́tà Mamuka mú, àbúrò rẹ̀,
lẹ́tà ìgbà ìkórè àjàrà èṣí tí kò tíì dáhùn,
tí kì í ṣe iṣẹ́, tí kì í ṣe owó,
tí kò sì rí ojú ìlà kankan fún nínú ìwé ìṣirò.
N kò béèrè pẹ́ẹ̀gì mi.