Abẹ́rẹ́ Ò Tíì Gbọ́

Bàbá mi ra Pijó yìí ní tíà-rọ́bà
lọ́dún tí wọ́n bí mi. Ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀;
ìwé ọkọ̀ ní ọdún méjì ló fi ṣáájú mi,
n ò sì bá ìwé jà.
Fáìfù-ó-fọ̀, aláwọ̀ ògì,
tí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń dún gbì! bí a bá tì í,
ìró kan ṣoṣo, bí ìgbà tí máńgòrò bá já lóru.

Ó fi í sílẹ̀ fún mi. Ara ọkọ̀ le koko,
èémí ni kò tó o mọ́.
Ìlọrin ni mò ń sùn, Orò ni mo ti ń kọ́ni,
lọ láàárọ̀, bọ̀ lọ́sàn-án, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.
Orí òkè tó wà lẹ́yìn Àjàṣẹ́ ló ti máa ń dá mi dúró,
tí mo máa ń bu omi kẹ́ẹ̀gì fún radíétọ̀
bí ẹni ń fi ṣíbí fún arúgbó lẹ́kọ,
tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń kọjá lórí ọ̀kadà:
"Ẹ kú ìdúró o, tíṣà!"
Ìkíni ni. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.
Ó jọ ẹ̀fẹ̀ ṣá.

Ní Gáà Akanbí, Sàráfà mẹkáníìkì ní kí n tà á.
Mo ní n ò tà.
Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò tí kò níbi mímọ́ kankan mọ́,
ó ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá inú mìíràn fún un."

Inú náà dé lórí akẹ́rù lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun:
Tòyótà, tókunbọ̀,
bébà kan lẹ̀ mọ́ ọn tí ẹnì kankan nínú wa ò lè kà.
Ọmọ tó ti òkun dé, tí ilé ò gbà:
ó fi ìka mẹ́ta gùn ju àyè tí Pijó ní lọ,
ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì kan ìjókòó.
Sàráfà fi ẹyọ ìgbálẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó dá ìgbálẹ̀ sí méjì,
ó tún un wọ̀n. Wàídì wẹ́dà gé irin, ó jó irin mọ́ irin,
wọ́n ti radíétọ̀ síwájú, wọ́n gé ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn,
wọ́n tún un so.
Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo fi wọ bọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ tó ta, mo rò pé kò ta.
Sàráfà gbé ife tíì rẹ̀ lé e lórí.
Tíì ò mì.
Ẹ́ńjìnì bàbá mi wà nílẹ̀ lábẹ́ igi dóńgóyárò,
ẹni tó ń ra àlòkù irin ti dá owó lé e ní kílò-kílò.
Mo ní kí wọ́n gbé e sínú búùtù.
N ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Lọ́jọ́ Àìkú mo wà á lọ sí Òmù-Àrán.
Láyé bàbá mi, láti ìsàlẹ̀ kọ́nà ni ìyá mi ti máa ń gbọ́ ọ,
tí yóò ti gbé omi ìwẹ̀ kaná
kí ọkọ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà.
Mo dé. Mo pa á. Kò sẹ́ni tó jáde.
Mo kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Ta nìyẹn?"
bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀.
Mo padà sídìí ọkọ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, mo tì í:
gbì!
Mo gbọ́ tí ìkòkò dún nínú ilé ìdáná.

Wàyí o, òkè Àjàṣẹ́ ti di pẹ̀tẹ́lẹ̀.
Abẹ́rẹ́ tó ń ka eré nìkan ni kò tíì gbọ́:
okùn rẹ̀ ò bá ti àjèjì mu. Sàráfà ní òun á wá òmíràn,
ó ti lé lóṣù mẹ́rin tó ti ń sọ ọ́.
A kọjá Gánmọ̀, a kọjá Ìdọ̀fián,
atẹ́gùn ń fa gèlè mọ́ mi lórí,
abẹ́rẹ́ dùbúlẹ̀ sórí òdo,
ó ní a ò tíì kúrò nílé.